Ìwé Orin Tó Dúdú Jù

Bàtà ni Alphonse ń rán ní Sakété, ìjọ tí kì í wọ bàtà ló sì ń lọ. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ti fi èyí ṣẹ̀fẹ̀ títí ẹ̀fẹ̀ náà fi gbó. Wọn á ní ṣé kò rí i pé àwọn ará rẹ̀ nínú Olúwa ni kò jẹ́ kí ọjà rẹ̀ tà. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ọjọ́ mẹ́fà ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́, ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi ń bọ́ ọ. Ìsọ̀ rẹ̀ wà létí ọ̀nà Porto-Novo, níbi tí àwọn onízẹ́mì, àwọn ọlọ́kadà, ti ń dúró de èrò. Pákó fẹ́ẹ́rẹ́ kan ló pín in níyà sí ìsọ̀ Tàhírù tó ń ta àgbàdo, bí ọ̀kan bá sì sín, èkejì ni yóò kí i.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe bàtà ni wọ́n fi ń pọ́n Alphonse lé. Òun ni ọ̀gá fánfáà ìjọ wọn. Èèyàn mẹ́rìnlá ló ń fun fèrè idẹ nínú ẹgbẹ́ náà, ẹni mẹ́ta ń lu ìlù, gbogbo wọn ló sì ń pè é ní Ṣẹ́ẹ̀fù. Bó bá gbé ọ̀pá funfun kékeré ọwọ́ rẹ̀ sókè, àwọn ìyá tó ń to oúnjẹ lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì pàápàá á dákẹ́. Òun ló ń yan ohun tí wọ́n máa fun. Àpótí páànù kan wà ní ẹ̀yìn ìsọ̀ rẹ̀ tí ìwé orin kún inú rẹ̀ bámúbámú, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò sì sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí ayẹyẹ kan bá ti ń bọ̀, á ti ìlẹ̀kùn ìsọ̀, á jókòó ti àpótí náà fún ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á máa sọ fúnra wọn pé Ṣẹ́ẹ̀fù ń yan orin, kí ẹnikẹ́ni má lọ dí i lọ́wọ́.

Ohun tí wọn ò mọ̀ ni pé Alphonse kò lè ka ẹyọ kan nínú ìwé náà.

Ẹ má tíì bú u. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí ọ̀gá fánfáà àtijọ́ kú. Ẹnu ni bàbá yẹn fi kọ́ wọn ní gbogbo orin, dó, ré, mí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbà á sórí. Alphonse ni etí rẹ̀ mú jù, òun ni wọ́n sì fi jẹ ọ̀gá. Kò tó ọ̀sẹ̀ kan sí i, àwọn ọmọ ìjọ tó wà ní Faransé fi àpótí ìwé orin ránṣẹ́. Alàgbà kan ṣí i níwájú gbogbo ìjọ lẹ́yìn ìsìn, ó fa ewé kan yọ, ó nà án sí i. "Ṣẹ́ẹ̀fù tuntun, wò ó, ṣé ó dára?" Alphonse wò ó. Ìlà márùn-ún márùn-ún ló rí, pẹ̀lú àwọn nǹkan dúdú wẹ́wẹ́ tó rọ̀ mọ́ wọn bíi kòkòrò inú ẹ̀wà. Ojú gbogbo ìjọ wà lára rẹ̀. Ó mi orí. Ó fi orí sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kankan kò jáde lẹ́nu rẹ̀, nítorí náà kò tilẹ̀ lè sọ pé irọ́ lòun pa. Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́, wọ́n gbé àpótí náà tẹ̀ lé e dé ìsọ̀ rẹ̀.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Ti Alphonse ku ọdún kan.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọgbọ́n tó ta ni pé ìwé tí kò dúdú púpọ̀ ló ń yàn. Ó rò ó pé èyí tó dúdú ni wàhálà wà nínú rẹ̀, èyí tó funfun ni ti àlàáfíà. Nínú ìjọ tí aṣọ funfun jẹ́ ohun gbogbo, ta ló máa rò ó sí ibòmíràn? Á gbé èyí tó bá yàn lọ bá Éric, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Porto-Novo, Éric á sọ ọ́ di dó-ré-mí sínú kàyé, ìwé ìkọ̀wé kan, fún un, òun á sì padà wá kọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́nu. Wọ́n á wá gbé ìwé gidi síwájú oníkálukú fún ẹwà. Wọ́n á máa wò ó bí ọkùnrin ṣe ń wo fọ́tò àna rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, láìretí pé yóò sọ ohunkóhun.

Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ ìgbéyàwó ọmọ alàgbà kan, ọdún kejìlá rèé. Alphonse wá ìwé tó funfun jù lọ nínú àpótí, ó rí ọ̀kan tí ojú rẹ̀ mọ́ kedere, tí gbogbo àmì inú rẹ̀ dà bí ẹyin tí wọ́n tò sórí okùn. Inú rẹ̀ dùn. Ó ní ti ìyàwó nìyí. Éric kò bi í léèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe, ó kọ ọ́ fún un. Nígbà tí fánfáà bẹ̀rẹ̀, ìyàwó rìn, ó rìn, kò dé iwájú. Ọkọ nu òógùn lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì dìde lẹ́yìn, ó ṣí fìlà, ó rọra bi ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé ta ló kú.

Déborah ló tú u fún un. Ọmọ ọdún méjìlá ni ọmọbìnrin rẹ̀ yìí nígbà náà, ó wà ní kọlẹ́jì ní Pobè, níbi tí olùkọ́ kan ti ń kọ́ wọn ní orin kíkà. Ó dúró kí ìsọ̀ dá kó tó sún mọ́ bàbá rẹ̀.

"Bàbá, mo mú ìwé yẹn han olùkọ́ wa. Ó ní orin tí wọ́n fi ń gbé òkú ológun lọ sí itẹ́ ni. Ó ní àmì funfun ló ń pẹ́ lẹ́nu, òun ló ń fa orin gùn. Ṣé ẹ ò rí i níbẹ̀ ni?"

Alphonse wo ọmọ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò sọ ọ́ jáde. "Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀, Déborah. Mi ò rí nǹkan kan níbẹ̀ rí."

Ọmọ náà kò rẹ́rìn-ín. Ó lọ gbé àpótí ìjókòó kan wá, ó jókòó tì í, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé orin náà sí i létí. Láti ọjọ́ náà ni Alphonse kò ti nílò láti lọ bá Éric ní Porto-Novo mọ́.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Déborah kọ́ fèrè, ó fi gbogbo wọn sílẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá rẹ̀ fi í sí àárín ìlà iwájú, kí ojú àwọn méjèèjì lè máa pàdé. Bí orin bá fẹ́ yí padà, Déborah á gbé ẹnu fèrè rẹ̀ sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń mí, Alphonse á sì ju ọ̀pá rẹ̀ sọ́tùn-ún. Ìjọ rò pé ọmọ ló ń tẹ̀ lé bàbá. Wọ́n máa ń fi wọ́n ṣe àpẹẹrẹ nínú ìwàásù pé ẹ wo ọmọ tó gbọ́ràn.

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ọmọ tó gbọ́ràn yìí ti fẹ́ kúrò ní Sakété. Ìgbà kìíní, wọ́n gbà á sí iléèwé ní Parakou, àìsàn kan sì ṣe Alphonse tí dókítà kò rí ìdí rẹ̀. Ìgbà kejì, ọkùnrin kan láti Cotonou fẹ́ ẹ, bàbá rẹ̀ ní kí wọ́n ṣe sùúrù di ẹ̀yìn ìkórè, ọkùnrin náà ṣe sùúrù ìkórè mẹ́ta, ó bá tirẹ̀ lọ. Déborah wá ń kọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ní iléèwé kan nítòsí. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Ìtìjú rẹ̀ ń jẹ Alphonse, lóòótọ́ ló ń jẹ ẹ́. Àmọ́ bó bá ti ro ọjọ́ tí yóò dúró síwájú àwọn èèyàn mẹ́tàdínlógún láìsí ẹnu fèrè tí yóò gbéra sókè, á gbàgbé ìtìjú.

Ìdí tí mo fi ń sọ gbogbo èyí ni ìkórè ọdún yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù kọkànlá, Rébecca, akọ̀wé ìgbìmọ̀ ìkórè ní Pobè, pe Alphonse lórí fóònù. Ọwọ́ rẹ̀ wà nínú bàtà, nítorí náà ó jẹ́ kí fóònù náà máa sọ̀rọ̀ sókè lórí tábìlì.

"Ṣẹ́ẹ̀fù, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. Gbogbo fánfáà agbègbè wa ló ń bọ̀ ní Pobè lọ́tẹ̀ yìí, orin kan ṣoṣo ni fánfáà kọ̀ọ̀kan máa fun. Ọ̀gá kan ń bọ̀ láti Cotonou, láti inú fánfáà àwọn ológun. Ó ń wá afunfèrè méjì, ọkùnrin tàbí obìnrin, tí kò tíì pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ orin tiyín ránṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì."

"A gbọ́," ni Alphonse wí. Oṣù kejìlá ni Déborah máa pé ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Kò sọ fún un. Ṣùgbọ́n irú ọ̀rọ̀ yẹn kì í dúró lójú kan, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, gbogbo fánfáà ti gbọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Déborah wọlé láti iléèwé, ó gba kọ́kọ́rọ́, ó ṣí àpótí, ó fa dòsíyè búlúù kan, páálí tí wọ́n ń kó ìwé sí, jáde, ó gbé e síwájú bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ẹ wo èyí."

Alphonse ṣí èèpo rẹ̀. Ó dúdú láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn àmì náà fún mọ́ra, wọ́n gun ara wọn lórí, bíi ìgbà tí èèrà bo egungun ẹja. Ó pa á dé.

"Eléyìí mà dúdú."

"Ó dúdú, ṣùgbọ́n ó dùn. Láti àárín lọ, fèrè kan ṣoṣo ló máa jáde síwájú, àwọn tó kù á máa gbè é lẹ́yìn."

"Fèrè ta ni?"

"Tèmi, bí ẹ bá yàn án."

Alphonse gbé bàtà tó wà níwájú rẹ̀, ó tún gbé e kalẹ̀. Ó ti rí i. Ẹni tó bá jáde síwájú, àwọn èèyàn ló máa kọjú sí, ẹ̀yìn ni yóò kọ sí ọ̀gá fánfáà. "Ta ló máa wá kọjú sí mi?" ló bi í.

Déborah ti dòsíyè náà sún mọ́ ọn. "Ẹ ṣí dòsíyè yẹn wò dé ìsàlẹ̀, Bàbá, kó tó di Ọjọ́bọ̀. Mi ò ní bá yín yàn án. Ẹ̀yin ni Ṣẹ́ẹ̀fù." Ó jáde lọ ran ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ nídìí gààrí.

Alphonse kò ṣí i dé ìsàlẹ̀. Ó tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún tó na ọwọ́ sí i ní ọ̀sẹ̀ náà, ojú ìwé kìíní yẹn nìkan ló ń dá a padà. Nígbà tó di Ọjọ́rú, Tàhírù fi ẹnu kan pákó.

"Alphonse, jẹ́ kí ọmọ yẹn lọ."

"Lọ síbo?"

"Má ṣe mí bíi àlejò. Pákó ló wà láàárín wa, kì í ṣe bíríkì. Ọdún méjìlá ni mo ti ń gbọ́ tó ń kà á fún ọ. Èmi Mùsùlùmí, mo ti mọ orin yín tán, mo máa ń fi wọ́n wọn àgbàdo."

Alphonse fi bàtà sílẹ̀, ó sún mọ́ pákó. "O sọ ọ́ fún ẹnì kan rí?"

"Ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Ta ni ó kàn? Jókòó sí ìdí bàtà rẹ, kí ẹlòmíràn gba ọ̀pá. Àṣírí yẹn kò lè pa ẹnikẹ́ni."

"Yóò pa èmi."

"Bó bá jẹ́ ìwọ nìkan ni, ìyẹn kò burú," ni Tàhírù wí, ó sì padà sídìí òṣùwọ̀n rẹ̀. Alphonse fẹ́ bínú sí i, kò rí ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Àṣà kan wà ní ìjọ wọn tí kò sí níbòmíràn tí mo mọ̀. Nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ kan, ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú ìkórè, ọ̀gá fánfáà á tẹ́ ìwé orin tó bá yàn sórí ẹní níwájú pẹpẹ, gbogbo ẹgbẹ́ á kúnlẹ̀ yí i ká, wọ́n á gbàdúrà lé e lórí. Èyí tí wọ́n bá ti gbàdúrà lé, a kì í pààrọ̀ rẹ̀ mọ́, ì báà ṣe ẹni tó yàn án gan-an ló fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ìwé méjì ló wà nínú àpò Alphonse nírọ̀lẹ́ náà. Ọ̀kan ni ojú ìwé dúdú yẹn, tó fà yọ nínú dòsíyè búlúù, kó lè sọ fún ara rẹ̀ pé òun mú un dání. Èkejì ni orin ìyìn kan tí gbogbo wọn ń fun pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tí ẹnikẹ́ni kì í jáde síwájú. Ìyẹn ti yé e tán, Déborah kà á fún un ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn.

Ó kúnlẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ọwọ́ rẹ̀ kan èyí tó dúdú, ó sì fà á dé ẹnu àpò. Lóòótọ́ ló fẹ́ fà á jáde. Ó rí ara rẹ̀ ní Pobè, ọ̀pá lókè, ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀ níwájú rẹ̀, fèrè mẹ́tàlá tó ń wo ẹnu rẹ̀, àti ìjọ mẹ́sàn-án tó ń rí i pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tó ń lọ. Ó tẹ́ orin ìyìn sílẹ̀.

Nígbà tó gbójú sókè, Déborah ń wo orí ẹní. Kò wo bàbá rẹ̀. Ó di ojú bí àwọn yòókù, ó ṣe àmín nígbà tí wọ́n ṣe àmín.

Ní Pobè, wọn kò ṣi ẹyọ kan. Èyí ló burú jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n fun orin ìyìn náà bí ẹni tó ń ka orúkọ ara rẹ̀, ẹnu fèrè Déborah gbéra sókè ní gbogbo ibi tó yẹ, ọ̀pá Alphonse sì lọ síbi tó yẹ. Ọ̀gá láti Cotonou pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ọmọkùnrin kan láti Igana jáde síwájú pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀, ọ̀gá náà kọ̀wé. Ọmọbìnrin kan tí kò mọ fèrè fun tó Déborah jáde síwájú, ohùn rẹ̀ já lẹ́ẹ̀kan, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, ó kọ̀wé. Kó tó di ìgbà oúnjẹ, wọ́n ti pe orúkọ àwọn méjèèjì.

Rébecca wá bá Alphonse níbi tó ti ń di ọ̀pá rẹ̀ sínú aṣọ. "Ṣẹ́ẹ̀fù, ó mọ́ o. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ fún mi pé ẹ ní afunfèrè kan tó pegedé ní Sakété. Ṣé kò wá ni?"

"Gbogbo wa la jọ ń fun ún," ni Alphonse dáhùn. Déborah wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń da omi kúrò nínú fèrè. Nínú ọkọ̀ bàṣé tó gbé wọn padà, ó gbé fèrè náà lé itan, ó ń bá àwọn tó kù kọrin.

Ní Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Alphonse ṣí àpótí láti dá ìwé padà. Ó fa dòsíyè búlúù jáde kó lè fi ojú ìwé dúdú náà sí ààyè rẹ̀. Dòsíyè náà wúwo ju bó ṣe yẹ kí ewé mẹ́ta péré wúwo lọ. Ó tú u dé ìsàlẹ̀.

Kàyé ọmọ iléèwé kan ló wà níbẹ̀. Ìwé ọwọ́ Déborah ni, lẹ́tà gàdàgbà gadagba, nítorí ó mọ̀ pé ojú bàbá òun ti ń ṣe bàìbàì. Orin dúdú náà ló wà nínú rẹ̀ látòkè délẹ̀, dó, mí, sọ́ọ̀lù, ó ti kọ gbogbo rẹ̀ tán. Ó fi bíìkì pupa kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pé: *Ẹ ka mẹ́rin níbí, kí ẹ tó gbé ọwọ́ òsì. Níbí, ẹ má wò mí, ẹ wo onílù ńlá, mo ti bá a sọ̀rọ̀ pé kó mi orí sí yín.* Alphonse ṣí i lọ síwájú. Orin mìíràn ló tẹ̀ lé e, àti òmíràn, àti òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ohun tó wà nínú àpótí náà rí, ó tó orin mọ́kànlélógójì, títí dé èyí tó funfun yẹn, tó kọ sí orí rẹ̀ pé: *Òkú nìkan.* Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wà ní ojú ìwé kìíní. Ó ti lé ní ọdún kan kí Rébecca tó pe fóònù.

Ó jókòó sílẹ̀. Ó fẹ́ sunkún, ó ń wo pákó, ó ń rántí pé Tàhírù wà lódì kejì, ó gbé e mì. Ọmọ náà kò fi òun sílẹ̀ lọ láìbò. Ó ti bo òun tán, ó ti ṣe é fún gbogbo ọjọ́ ayé òun, ó sì wá ní kí òun ṣí ìwé kan dé ìsàlẹ̀.

Ó gbọ́ ohùn Déborah lẹ́nu ọ̀nà, ó ń kí Tàhírù. Alphonse ti kàyé náà bọ abẹ́ itan.

Déborah wọlé, ó wo àpótí tó ṣí sílẹ̀, ó wo dòsíyè búlúù lórí tábìlì. Ó wò ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sídìí àpótí náà, ó fa ewé kan yọ láàárín àwọn tó kù, ó gbé àpótí ìjókòó rẹ̀ wá, ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí láti ọdún méjìlá.

"Kérésìmesì ló kàn," ló wí. "Mo rò pé ká mú èyí. Ṣé ó dára, Bàbá?"

Ó nà án sí i. Ìlà márùn-ún márùn-ún ni, pẹ̀lú àwọn nǹkan dúdú wẹ́wẹ́. Alphonse wò ó. Igun kàyé náà ń gún un lábẹ́ itan. Ó mi orí.